Ẹ̀jẹ̀ àti Ikun Nínú Ìgbẹ́: Kì Í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà nínú oyún, àti ẹ̀yin agbẹ̀bí tí ẹ ń tọ́jú wọn, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé kékeré yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó máa ń ti ènìyàn lójú. Obìnrin a máa sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀yìn ń dun òun, a sì máa sọ pé èébì ń gbé òun. Ṣùgbọ́n bí ó bá yàgbẹ́ tí ó rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí ìyá alágbo ẹnu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún. Èsì tí yóò sì gbà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: jẹ̀díjẹ̀dí ni. Láti Pedro dé Bàrígà, títí dé etí ọ̀sà lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, orúkọ kan ṣoṣo yìí ni a fi ń pe àìsàn bíi mẹ́fà tàbí méje, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú ọ̀kan kò jọ ti èkejì.

A kò sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí kò sí. Ó wà, ó sì wọ́pọ̀ lára aboyún. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a tó fún ẹ̀jẹ̀ ní orúkọ, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti jáde àti ohun tí ó bá a rìn.

NÍBO NI Ẹ̀JẸ̀ NÁÀ TI JÁDE?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò wa, ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni ó ń lo ilé ìgbẹ́ kan, iná kì í sábàá sí níbẹ̀ lóru. Aboyún a bẹ̀rẹ̀, a yàgbẹ́, a nu ara, a sì rí ẹ̀jẹ̀ lára bébà. Báwo ni ó ṣe fẹ́ mọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ náà gbà jáde? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ tí wọn kò jìnnà sí ara wọn: ọ̀nà ìtọ̀, ojú ara, àti ihò ìdí. Ẹ̀jẹ̀ ti ọ̀kan rọrùn láti kà sí ti èkejì lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé oyún obìnrin kan ti pé oṣù mẹ́jọ ààbọ̀. Ó jí lóru, inú ń lọ́ ọ, ó sì ń ṣe é bíi kí ó yàgbẹ́. Ó lọ lẹ́ẹ̀kíní, ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ìgbẹ́ gidi níbẹ̀, ohun tí ó rí kò ju nǹkan yíyọ̀ bí ikun imú lọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì fà tín-ín-rín lára rẹ̀. Àwọn ará ilé ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, wọ́n ní kí ó mu nǹkan kan sùn. Bẹ́ẹ̀, ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀. Ikun kan máa ń dí ẹnu ilé ọmọ ní gbogbo ìgbà oyún. Nígbà tí ẹnu ilé ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ikun náà a jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Orí ọmọ tí ń sọ̀ kalẹ̀ a sì máa tẹ ìfun ńlá, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣe ìyá bíi kí ó yàgbẹ́. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá padà sí ilé ìgbẹ́ láti lọ tiraka, ọmọ lè bọ́ sínú ṣaláńgá.

Nítorí náà, ẹ̀yin aboyún, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ wá aṣọ funfun méjì tí ó mọ́. Ẹ fi ọ̀kan nu iwájú, ẹ fi èkejì nu ẹ̀yìn, ẹ má ṣe fi aṣọ ẹ̀yìn kan iwájú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára aṣọ iwájú, ẹ kúrò nílé kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, oṣù yòówù kí oyún náà jẹ́. Bí oyún kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 37, ó lè jẹ́ pé ọmọ fẹ́ wá ṣáájú àsìkò rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ iwájú bá sì pọ̀ tí kò sí ìrora kankan, ẹ má ṣe dúpẹ́ pé kò dùn yín. Ó lè jẹ́ pé ibi ọmọ ni ó dúbúlẹ̀ sí ẹnu ilé ọmọ, ìyẹn sì léwu púpọ̀.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Obìnrin tí ń sun ẹ̀jẹ̀ láti ojú ara lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ẹ má ṣe ti ìka bọ̀ ọ́ láti wò ó títí àyẹ̀wò àwòrán inú yóò fi sọ ibi tí ibi ọmọ wà. Ìka kan péré lè ya ibi ọmọ, ẹ̀jẹ̀ tí yóò sì dà kò ní ṣeé dá dúró nínú ilé ìgbẹ̀bí kékeré. Ojú ni kí ẹ fi wò, kì í ṣe ọwọ́.

Bí ó bá jẹ́ inú ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ó lè jẹ́ àrùn inú àpò ìtọ̀, ó sì lè jẹ́ àtọ̀sí ajá fún ẹni tí ó dàgbà sí ìletò tí wọ́n ti ń wẹ̀ nínú odò. Ẹ tọ̀ sínú ike tí ó mọ́, kí ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

A tún rí ohun tí ó jọ ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Èèpo tàtàsé àti ti tòmátò a máa jáde nínú ìgbẹ́ bí ó ṣe wọlé. Zobo náà lè pa ìgbẹ́ láró. Hóró oògùn tí ń fún aboyún ní ẹ̀jẹ̀, èyí tí a fi irin ṣe, a máa sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti ju oògùn yìí nù nítorí ẹ̀rù tí ìgbẹ́ dúdú náà dá bà wọ́n. Ẹ má ṣe jù ú nù. Ìgbẹ́ dúdú ti oògùn a máa dì dáadáa, òórùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Èyí tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà yín ni ìgbẹ́ tí ó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tí ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, tí òórùn rẹ̀ burú jáì: ẹ̀jẹ̀ tí ó ti inú àpòlúkù wá ni.

JẸ̀DÍJẸ̀DÍ GAN-AN

Iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní ihò ìdí. Bí oyún bá ti ń dàgbà, ilé ọmọ a máa tẹ àwọn iṣan tí ó yẹ kí ó gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a wá dúró síbẹ̀, iṣan a wú. Lọ́wọ́ kejì, ìyípadà tí ó wà nínú ara aboyún a máa mú kí ìfun lọ́ra, oògùn irin náà a sì máa mú kí ìgbẹ́ le. Bí obìnrin bá wá ń tiraka láti yàgbẹ́ líle, iṣan tí ó ti wú a bẹ́. Jẹ̀díjẹ̀dí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa pọ́n rokoṣo, a máa kán lẹ́yìn tí ìgbẹ́ bá ti jáde, tàbí kí ó wà lára ìgbẹ́ lóde, kì í pò mọ́ inú rẹ̀. Kò ní ibà nínú. Bí ó bá dùn bí ẹni pé abẹ ń gé ènìyàn lásìkò tí ìgbẹ́ ń jáde, ó lè jẹ́ pé ẹnu ihò ìdí ni ó ya.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ṣúgà ni ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣúgà fúnra rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ju búrẹ́dì, bisikíìtì àti mínírà lọ, tí kò jẹ ẹ̀fọ́, tí kò jẹ èso, ìgbẹ́ rẹ̀ kò ní ṣàì le; níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àgbà ti sún mọ́ òtítọ́. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n, ọsàn, àti omi púpọ̀ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Kí aboyún jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ẹlòmíràn wà nínú ilé ìgbẹ́. Kí ó kàn án lẹ́kùn. Púpọ̀ nínú jẹ̀díjẹ̀dí aboyún ni ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Ohun tí a kò fẹ́ ni agbo jẹ̀díjẹ̀dí nínú oyún. A kò kórìíra ewé àti egbò, àwọn òbí wa ni wọ́n fi wò wá dàgbà. Àmọ́ a mọ ohun tí ó wà nínú ìgò tí wọ́n ń gbé káàkiri ibùdókọ̀ ní àárọ̀. Ewé bí àsùnwọ̀n tí ń ṣí ìfun a máa wà nínú rẹ̀, ó sì lè gbọn inú aboyún tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Èyí tí wọ́n fi ọtí líle rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní paraga, ọmọ inú ni yóò bá ìyá rẹ̀ mu ún. Bí ó bá wá jẹ́ pé kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí rárá, bí kò ṣe ọ̀rìn, agbo yóò tún fa ìwọ̀nba omi tí ó kù nínú ara rẹ̀ jáde.

ÌGBẸ́ Ọ̀RÌN

Bí ẹ̀jẹ̀ bá pò mọ́ ikun nínú ìgbẹ́, tí ìgbẹ́ náà kò tó ìṣíbí kan ṣùgbọ́n tí ó ń lé ènìyàn lọ sí ilé ìgbẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí inú ń lọ́ ọ, tí ó sì ń ṣe é bí ẹni pé nǹkan ṣì kù nígbà tí kò sí ohun tí ó kù, ọ̀rìn nìyẹn. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ onígbáméjì. Onígbáméjì, irú èyí tí ó jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, omi bí omi ìrẹsì ni ó ń yà, kò ní ẹ̀jẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó ń wá láti inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn yàtọ̀.

Ọ̀rìn tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Shigella. Kiyoshi Shiga, dókítà ará Japan, ni ó rí i ní ọdún 1897, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Ohun tí ó jẹ́ kí kòkòrò yìí burú ni pé kò ní láti pọ̀. Mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún péré ti tó láti dá ènìyàn gúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó lè fara pamọ́ sí abẹ́ èékánná kan jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà tí kò lóǹkà. Ìdí rèé tí ọmọ kan bá ní in nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, tí kò fi ní pẹ́ kí ó yí ilé ká. Ó máa ń dé lójijì pẹ̀lú ibà. Ibà náà, àti omi ara tí ń lọ, lè mú kí aboyún bẹ̀rẹ̀ ìrọbí láìtó àsìkò.

Èkejì ni ti amíbà. Òun kì í kánjú. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí obìnrin yóò fi máa yàgbẹ́ oníkun tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí yóò sì máa lọ sí ọjà, nítorí pé ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Ní gbogbo àsìkò yẹn, amíbà ń gbẹ́ ihò sí ara ìfun rẹ̀. Lára ẹni tí kò lóyún, ó lè lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lára aboyún, ó lè yípadà lójú ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìfun a lu, ìgbẹ́ a dà sínú ikùn. Kì í ṣe ìtàn. Ní ọdún 1973, Dókítà A. A. Abioye ní Ìbàdàn kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ olóoru lórí ọ̀rìn amíbà tí ó ń pa aboyún àti abiyamọ tuntun, ó sì pe àwọn dókítà sí àkíyèsí pé àìsàn yìí ní ojú mìíràn tí ó ń kọ sí obìnrin nígbà oyún àti lẹ́yìn ìbímọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ rò ni pé ara aboyún a máa dẹwọ́ díẹ̀ nínú ìjà tí ó ń bá àlejò jà, kí ó má baà lé ọmọ inú jáde, amíbà a sì rí àyè.

Oògùn prednisolone àti dexamethasone náà a máa ṣí irú àyè bẹ́ẹ̀ fún amíbà. Àwọn kan ń ra prednisolone ní kẹ́místì fún ara yíyún tàbí kí wọ́n lè sanra. Dexamethasone sì jẹ́ oògùn rere tí dókítà ń fún aboyún tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ tètè dé, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbó. Nítorí náà, agbẹ̀bí tí ó bá gbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ó rí i pé ó sọ fún dókítà bí obìnrin náà bá ti ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Gbólóhùn kan yẹn lè gba ẹ̀mí là.

Ní Pedro, a mọ ìtọ́jú tí ó yá jù: Flagyl méjì àti kápúsù pupa-òun-yẹ́lò kan, ẹ fi omi tútù gbé e mì. Kápúsù yẹn, tetracycline ni. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, nítorí a máa wọ inú eegun àti eyín ọmọ, eyín náà yóò sì yọ jáde ní àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀. Flagyl méjì kò sì tó láti pa amíbà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣe Shigella ní ohunkóhun. Oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró, irú Lomotil àti Imodium, kò yẹ ẹni tí ń yà ẹ̀jẹ̀, torí pé ńṣe ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ kòkòrò sínú ilé.

Kí ni ó wá yẹ? Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ àti ikun pọ̀. Bí ibà bá wà níbẹ̀, Shigella ni dókítà yóò kọ́kọ́ tọ́jú, yóò sì yan oògùn tí kò ní pa ọmọ inú lára, bíi azithromycin tàbí ceftriaxone. Ampicillin àtijọ́ kò ràn án mọ́ níbi púpọ̀. Bí àyẹ̀wò bá fi amíbà hàn, metronidazole ni, ìyẹn Flagyl, ṣùgbọ́n ní iye àti ọjọ́ tí dókítà bá kọ. Pàápàá jù lọ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má ṣe dá a lò.

Kí ó tó dé ilé ìwòsàn, àti nígbà tí ó bá wà lójú ọ̀nà, omi ni kí ó máa mu. Omi oníyọ̀ inú àpò, ORS, ni ó dára jù. Bí kò bá sí, ẹ da àpò píọ̀ wọ́tà 50cl méjì sínú ohun èlò tí ó mọ́, ẹ fi ṣíbí ìpotíì mẹ́fà ṣúgà sí i, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kí ó tẹ́jú, àti ààbọ̀ ṣíbí ìpotíì iyọ̀. Àwọn ìyá wa tí wọ́n bímọ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ Mínísítà fún Ìlera, láàárín ọdún 1985 sí 1992, yóò rántí omi ṣúgà òun iyọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n kọ́ wọn nígbà náà ni iyọ̀ àti ṣúgà rẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ. Ti ìsinsìnyí ni kí ẹ lò. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù kí ẹ po òmíràn.

OMI TÍ A Ń MU

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ ọ̀rìn ní agbègbè Ṣómólú láìsọ̀rọ̀ kànga. Ilẹ̀ wa sún mọ́ ọ̀sà, omi kò jìn nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí kànga fi rọrùn láti gbẹ́. Àwọn elétò ìlera ní kí ṣaláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan ní Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Mítà 30 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Kódà bí onílé bá gbẹ́ kànga sí iwájú pátápátá tí ó sì gbẹ́ ṣaláńgá sí ẹ̀yìn pátápátá, agbára káká ni yóò fi pé, bẹ́ẹ̀ ni sọ́kàwéè aládùúgbò ṣì wà lẹ́yìn ògiri. Tí òjò bá wá rọ̀, tí àgbàrá kún gọ́tà, gbogbo rẹ̀ a di ọ̀kan. Omi ẹ̀rọ náà kò bọ́ níbi tí páìpù tí ó ti jẹrà bá gba inú gọ́tà kọjá.

Nítorí náà, omi kànga wà fún fífọ aṣọ. Èyí tí a óò mu, tí a óò sì fi po ògì tàbí fi ṣan èso, kí a sè é títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Omi tí a rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà náà kò yàtọ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó ti pọn ọ́n. Ọṣẹ ni kí a fi fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́, lẹ́yìn tí a bá nu ìdí ọmọ, àti kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Agbẹ̀bí tí òun fúnra rẹ̀ bá ń yà ọ̀rìn, kí ó jókòó sílé. Kò sí ìgboyà nínú kí ó máa gbẹ̀bí.

BÍ Ó BÁ JẸ́ ỌMỌ NI

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi kan náà: níbo ni ẹ̀jẹ̀ ti jáde? Ọmọbìnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lè sun ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ikun láti ojú ara ní ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Agbára tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ó ń kúrò lára rẹ̀, kì í ṣe àìsàn, kò sì ní ohun tí a ń fi nù ju omi lọ. Bí ó bá jẹ́ inú ìgbẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ wà, kí agbẹ̀bí wo orí ọmú ìyá. Bí ọmú bá ya, ọmọ a máa mu ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ mọ́ wàrà, a sì yà á jáde. Ṣùgbọ́n bí ọmú kò bá ya, tí ìdodo ọmọ náà tún ń sun ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ pé ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni kò tó lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ fítámì K kan, míligíráàmù 1, tí a gún ọmọ ní kété tí a bí i, ni ó ń dènà èyí. Ẹ béèrè rẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí tí kò bá ní in, kí wọ́n rà á kí obìnrin tó rọbí.

Rọ́bà tí àwọn kan fi ń fa omi sí ọmọ nídìí láti fọ inú rẹ̀ a máa ya ìfun ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jù ú nù. Títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan, láìsí omi, ni yóò dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ ọ̀rìn jù. Ọmọ tí ọ̀rìn bá mú, kí ìyá má ṣe dá ọmú dúró. Kí ó tún gba oògùn zinc fún un, míligíráàmù 10 lójúmọ́ bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, 20 bí ó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá.

Ọ̀kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ọmọ oṣù mẹ́rin sí mẹ́wàá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lánàá, tí ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké igbe lójijì, tí ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ikùn, tí ó dákẹ́, tí ó rọ̀ jọwọlọ, tí ó tún ké lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ń bì. Lẹ́yìn náà ni ó yà ẹ̀jẹ̀ tí ó pò mọ́ ikun, tí kò sí ìgbẹ́ níbẹ̀. Ìfun rẹ̀ ti wọ inú ara rẹ̀ bí ìgbà tí apá ẹ̀wù bá ká sínú, ẹ̀jẹ̀ kò sì rí ọ̀nà kọjá mọ́. Kò sí agbo tí ó lè fà á jáde, kò sì sí oògùn kẹ́místì tí ó lè ṣe é. Wákàtí ni a ń kà, kì í ṣe ọjọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n gbé e lọ tààrà, kí wọ́n má fi oúnjẹ sí i lẹ́nu.

FÚN Ẹ̀YIN AGBẸ̀BÍ

Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí aboyún yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ní ọjọ́ káàdì, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú àwọn tó kù lórí bẹ́ńṣì: "Ìyá, báwo ni ìgbẹ́ yín? Ṣé ẹ rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun níbẹ̀?" Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ìpéǹpéjú rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó, nítorí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ń lọ lójoojúmọ́ ni yóò sọ ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ ìbímọ di ikú. Bí oyún bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, ẹ bi dókítà nípa oògùn aràn, albendazole 400 tàbí mebendazole 500, ẹ̀ẹ̀kan péré. Aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun kì í jẹ́ kí a rí ẹ̀jẹ̀ náà lójú.

Nípa ìgbẹ́ àyẹ̀wò, èyí tí ìyá ti yà sínú ọ̀rá láti àárọ̀ kùtù tí ó gbé dé ní ọ̀sán kò wúlò fún wíwá amíbà. Amíbà alààyè kì í pẹ́ kú nígbà tí ìgbẹ́ bá tutù. Níbi àyẹ̀wò ni kí ó ti yà á, kí wọ́n sì wò ó láàárín ààbọ̀ wákàtí, pàápàá ibi tí ẹ̀jẹ̀ àti ikun wà.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ sùn sílé ni obìnrin tí ń yà ẹ̀jẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná, èyí tí ikùn rẹ̀ wú tí ó sì le bí pákó, èyí tí kò tọ̀ láti àárọ̀, èyí tí ojú ń kọ́ tí ó bá dìde, èyí tí kò gbọ́ kí ọmọ inú rẹ̀ mira mọ́, àti èyí tí ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ ń dún tí ó ń dáwọ́ dúró tí ó tún ń padà. Ẹni tí ó bímọ tí ìgbẹ́ ń gba ojú ara rẹ̀ jáde náà wà lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ènìyàn sì ń rù sí i, kì í ṣe ti òru, àmọ́ kí dókítà wo inú ìfun rẹ̀, nítorí àrùn jẹjẹrẹ kò fi ti àgbàlagbà nìkan mọ.

Ilé ìwòsàn gbogbogbòò wà ní Ṣómólú, ó sì wà ní Gbàgádà. Bí kò bá sí ọkọ̀, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 tàbí 112. Ọ̀pọ̀ òpópónà ní Pedro ni wọ́n ń ti géètì rẹ̀ lóru: kí aboyún tó wọ oṣù kẹjọ, kí ọkọ rẹ̀ ti gba nọ́ńbà fóònù ọlọ́dẹ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.